Ìdánwò Nọ́ọ̀sì: Ẹ Jẹ́ Kí Ìbéèrè Yé Yín Kí Ẹ Tó Dáhùn

Ọ̀rọ̀ tó kan ilé púpọ̀ nínú ẹgbẹ́ wa la gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ ìdánwò nọ́ọ̀sì ni, èyí tí wọ́n ń pè ní NCLEX nílẹ̀ Amẹ́ríkà níbí.

Gbogbo wa la mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó ti ṣe nọ́ọ̀sì nílé fún ọdún mẹ́wàá, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tó ti gbẹ̀bí títí, tó ti ṣe olórí wọ́ọ̀dù, tí àwọn dókítà tuntun ń wojú rẹ̀ kí wọ́n tó kọ oògùn. Ó dé Amẹ́ríkà, iṣẹ́ éèdì ló bọ́ sí. Ó ń wẹ àwọn arúgbó, ó ń pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ó ń ṣe iṣẹ́ òru mọ́ iṣẹ́ ọ̀sán. Iṣẹ́ ọlọ́wọ̀ ni iṣẹ́ éèdì, a ò fojú tín-ín-rín rẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n owó méjèèjì kì í ṣe ẹgbẹ́, ìmọ̀ tí onítọ̀hún sì fi ọdún gbọọrọ kó jọ kò ní ibi tí yóò ti lò ó. Lẹ́yìn gbogbo wàhálà ìwé ẹ̀rí, òkè tó kẹ́yìn láàárín òun àti láìsẹ́ǹsì RN ni ìdánwò yìí. Àwọn ọmọ wa tí a bí síbí, tí wọ́n ń ka nọ́ọ̀sì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, òkè kan náà ni wọn yóò gùn.

Ẹni tó mọ iṣẹ́ dáadáa lè fìdí rẹmi nínú rẹ̀ bí kò bá mọ ohun tí ìbéèrè ń bèèrè. Ìdánwò yìí kò bi yín bí ẹ ṣe máa ń ṣe é ní wọ́ọ̀dù yín. Ohun tó ń bi yín ni pé: nínú gbogbo ohun tó dára tí ẹ lè ṣe, èwo ni ẹ ó kọ́kọ́ ṣe kí aláìsàn yìí má baà kú, kó má sì farapa? Ẹni tó bá di ìbéèrè yẹn mú ti rí ọ̀nà.

IRÚ ÌDÁNWÒ WO NI?

NCSBN, ìyẹn àpapọ̀ àwọn ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ló ni ìdánwò yìí. Láyé àtijọ́, orí bébà ni wọ́n ti ń ṣe é, ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́dún, ọjọ́ méjì gbáko ni wọ́n sì fi ń jókòó sí i. Láti oṣù kẹrin ọdún 1994 ló ti di ti kọ̀ǹpútà.

Kọ̀ǹpútà yìí kì í fún gbogbo ènìyàn ní ìbéèrè kan náà o. Bí ẹ bá gba ọ̀kan, á gbé èyí tó le díẹ̀ sí i wá. Bí ẹ bá ṣì í, á gbé èyí tó rọ̀ díẹ̀ wá. Ó dà bí ìgbà tí ìyá wa ń wá iyọ̀ ọbẹ̀: á tọ́ ọ wò, á fi díẹ̀ sí i, á tún tọ́ ọ wò, títí yóò fi dá a lójú. Nígbà tó bá dá kọ̀ǹpútà lójú tó ìdá 95 nínú 100 pé ẹ ti yege, tàbí pé ẹ kò tíì yege, yóò dúró. Ìbéèrè tó kéré jù ni 85, èyí tó pọ̀ jù ni 150, wákàtí márùn-ún sì ni gbogbo rẹ̀. Nínú ìbéèrè wọ̀nyí, 15 wà tí wọn kì í ka máàkì rẹ̀. Wọ́n ń dán wọn wò fún ọjọ́ iwájú ni, ẹ ò sì lè dá wọn mọ̀.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́, kò sí pípadà sẹ́yìn. Ìbéèrè tí ẹ bá ti dáhùn ti lọ nìyẹn, ẹ má gbé ìrònú rẹ̀ wọ inú èyí tó kàn. Èkejì, bí ìbéèrè bá ń le sí i, ẹ má jáyà. Ó lè jẹ́ pé ẹ ń ṣe dáadáa ni. Ẹ̀kẹta, iye tí ó ti dúró kò sọ ẹni tó yege. Ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ dúró ní 85 lè yege, ó lè má yege. Ẹni tó dé 150 náà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá kọjá 85, ẹ mí kanlẹ̀, ẹ máa bá a lọ.

ỌSIBÍTÙ INÚ ÌWÉ

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa tí a kọ́ iṣẹ́ nílé jù. Nílé, nọ́ọ̀sì kan lè ní wọ́ọ̀dù odindi lọ́wọ́. Ẹbí aláìsàn ló ń sáré lọ ra ìbọ̀wọ́ àti abẹ́rẹ́, iná sì lè lọ nígbàkigbà. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti mọ ọgbọ́n à-ń-dá-a. Ṣùgbọ́n nínú ọsibítù tó wà nínú ìdánwò yìí, gbogbo nǹkan ló wà: oògùn wà, ẹ̀rọ wà, ẹlẹgbẹ́ wà, àkókò wà. Aláìsàn tó wà nínú ìbéèrè nìkan ni ẹ ní láyé lásìkò yẹn. Ẹ má mú ìdáhùn kan kúrò nítorí pé “kò sí ẹni tó ń ráyè ṣe ìyẹn.” Nínú ìwé, ẹ ráyè. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe éèdì níbí náà, ẹ ṣọ́ra: ohun tí ẹ rí tí wọ́n ń ṣe ní ilé àwọn arúgbó ní agogo mẹ́ta òru lè má jẹ́ ohun tí ìwé fẹ́.

Àṣà wa pẹ̀lú lè mú wa kọsẹ̀. Ẹ wo àpẹẹrẹ mẹ́ta yìí.

Aláìsàn kan ń sunkún, ó ní ẹ̀rù iṣẹ́ abẹ ọ̀la ń ba òun. Ọmọ Yorùbá tó ní ìwà á dáhùn pé, “Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ẹ má bẹ̀rù, kò ní sí nǹkan kan, Ọlọ́run á ṣe é.” Àdúrà rere ni. Ṣùgbọ́n nínú ìdánwò, ìdáhùn tó bá ní “má bẹ̀rù, gbogbo rẹ̀ á dára” kì í sábà tọ̀nà. Ìlérí tí ẹ ò lè mú ṣẹ ni wọ́n kà á sí, ó sì ti pa aláìsàn lẹ́nu mọ́. Èyí tí wọ́n ń wá ni èyí tó jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ lọ: “Ẹ sọ ohun tó ń bà yín lẹ́rù jù fún mi.”

Àkọ́bí ìyá kan pe wọ́ọ̀dù lórí fóònù, ó ní kí wọ́n sọ èsì àyẹ̀wò ìyá òun fún òun. Nílé, òun gan-an la ó kọ́kọ́ pè sí kọ̀rọ̀, kí ìyá má baà gbọ́ kó dákú. Níbí, ìyá ló ni ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Láìjẹ́ pé ó fọwọ́ sí i, nọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ọmọ ìbáà jẹ́, ọkọ ìbáà jẹ́. Òfin HIPAA ti ọdún 1996 wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ̀kẹta kan ẹ̀yin ọmọ wa. Ẹ̀yin lẹ máa ń bá Màmá àgbà túmọ̀ ohun tí dókítà ń sọ, a dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n bí ìdánwò bá béèrè ẹni tó yẹ kó túmọ̀ fún aláìsàn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má mú ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ. Ògbufọ̀ tó kọ́ iṣẹ́ náà ni ìdáhùn. Ọmọ lè má mọ ọ̀rọ̀ tó tọ́, ìtìjú lè mú un fo ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ ara, àánú sì lè mú un fi ohun tó burú pamọ́.

BÍ A ṢE Ń KA ÌBÉÈRÈ

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá fara balẹ̀ pa èèrà ni yóò rí ìfun inú rẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ báyìí:

1. Ẹ kọ́kọ́ ka ìlà tó gbẹ̀yìn nínú ìbéèrè. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ohun tí wọ́n fẹ́. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá ka ìtàn rẹ̀ láti òkè.

2. Ẹ wá ọ̀rọ̀ tó gbé ìbéèrè dúró. Bí ẹ bá rí “first” tàbí “priority”, ó ṣeé ṣe kí ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dára, èyí tó ṣáájú ni wọ́n ń wá. Bí ẹ bá rí “needs further teaching”, ẹ ṣọ́ra gidi! Ọ̀rọ̀ tí kò tọ̀nà ni ẹ ó mú, nítorí wọ́n ń wá aláìsàn tí ẹ̀kọ́ kò tíì yé. Àìmọye ènìyàn ló ń kánjú mú èyí tó tọ̀nà níbẹ̀.

3. Ẹ fi Yorùbá sọ ọ́ lọ́kàn yín bí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ bá gùn: “Ta ni aláìsàn? Kí ló ń ṣe é? Kí ló lè pa á?” Kò sí ẹni tí yóò gbọ́.

4. Ẹ dáhùn lọ́kàn kí ẹ tó wo ìdáhùn tí wọ́n tò. Ẹni tó bá tètè wo ìdáhùn, ìdáhùn á fà á lọ.

5. Ẹ yọ èyí tí kò lè jẹ́ kúrò. Bí ó bá ku méjì, ẹ bi ara yín pé: “Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan péré ni mo lè ṣe kí n tó kúrò ní yàrá yìí, èwo ni aláìsàn yóò fi wà láàyè?”

6. Ẹ má fi kún ìtàn. “Bóyá ó tún ní ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́?” Bí wọn ò bá kọ ọ́, kò ní in.

TA LA Ó KỌ́KỌ́ LỌ WÒ?

Ẹ jẹ́ ká gbìyànjú ọ̀kan. Aláìsàn mẹ́rin wà lọ́wọ́ yín. Ọ̀kan ní ìtọ̀ ṣúgà, ṣúgà rẹ̀ jẹ́ 180. Ọ̀kan ṣe iṣẹ́ abẹ lánàá, ó ní ìrora òun jẹ́ 7 nínú 10. Ẹ̀kẹta ni obìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀ fún, èémí rẹ̀ ń hán bí ó ti ń mí sínú. Ẹ̀kẹrin ni bàbá tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ta lẹ ó kọ́kọ́ lọ wò?

Ẹni tó ń ké ìrora lè fa ojú wa mọ́ra, bàbá àgbà sì lè ṣe wá láàánú. Ṣùgbọ́n onígẹ̀gẹ̀ ni. Ọrùn rẹ̀ lè máa wú sínú, kí ọ̀nà èémí rẹ̀ sì dí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Òfin rẹ̀ nìyí: ọ̀nà èémí ló ṣáájú, mímí tẹ̀ lé e, ìṣàn ẹ̀jẹ̀ ló kàn. Ohun tó dé lójijì ṣáájú ohun tó ti wà lára tipẹ́. Ohun tí a kò retí ṣáájú ohun tí a retí: ẹsẹ̀ wíwú kì í ṣe àjèjì sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára, ìrora kì í ṣe àjèjì sí ẹni tí wọ́n là lánàá.

Èyí kò sọ pé ìrora kò ṣe pàtàkì o. Bí ìbéèrè bá sọ nípa ọmọkùnrin tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, tó ní ìrora òun jẹ́ 9 nínú 10, ṣùgbọ́n tó ń wo tẹlifíṣọ̀n tó sì ń rẹ́rìn-ín, kí lẹ ó ṣe? Ẹ fún un ní oògùn tí dókítà kọ. Ìrora ni ohun tí aláìsàn bá sọ pé ó jẹ́. Ọ̀pọ̀ wa ló ní ọmọ tó ní àrùn yìí, a sì mọ̀ pé ẹni tí ara ń ro lè rẹ́rìn-ín.

KÍ A WÒ Ó NI, TÀBÍ KÍ A ṢE É?

Wọ́n kọ́ wa pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ yẹ aláìsàn wò kó tó ṣe ohunkóhun. Òótọ́ ni. Bí ẹ̀rọ bá ń pariwo pé ọkàn aláìsàn ti dúró, aláìsàn fúnra rẹ̀ ni ẹ ó kọ́kọ́ wò; ó lè jẹ́ pé okùn ẹ̀rọ ló já. Ṣùgbọ́n bí ìbéèrè bá ti ṣe àyẹ̀wò yẹn fún yín tán, ẹ má tún padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ ṣe nǹkan kan.

Ẹ̀yin agbẹ̀bí wa, ẹ gbọ́ èyí. Ìyá kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ̀jẹ̀ ń dà, nọ́ọ̀sì fọwọ́ kan ilé ọmọ, ó rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀. Kí ni yóò kọ́kọ́ ṣe? Ìdáhùn kan ní kó pe dókítà, ìkejì ní kó wọn ìfúnpá, ìkẹta ní kó fọwọ́ ra ilé ọmọ títí yóò fi le, ìkẹrin ní kó pààrọ̀ páàdì. Ilé ọmọ ni yóò fọwọ́ ra. Àyẹ̀wò ti parí, ọwọ́ ló kù. Bákan náà ni ẹni tí wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ sí lára, tí òtútù àti ẹ̀yìn ríro bẹ̀rẹ̀ sí í mú lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá: ẹ kọ́kọ́ dá ẹ̀jẹ̀ náà dúró ná, kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá rí “pe dókítà” nínú ìdáhùn, ẹ bi ara yín pé: ǹjẹ́ ohun kan wà tí mo lè fi ọwọ́ ara mi ṣe kó tó gbé fóònù?

Ní ti iṣẹ́ tí a lè gbé fún éèdì: ìwẹ̀, oúnjẹ, rírìn, àti wíwọn ìfúnpá ẹni tí ara rẹ̀ ti balẹ̀ ṣeé gbé fún un. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́, kíkọ́ aláìsàn lẹ́kọ̀ọ́, àti ìdájọ́ bóyá ìtọ́jú ṣiṣẹ́, ti RN nìyẹn, kò ṣeé gbé sílẹ̀.

ÌBÉÈRÈ TUNTUN

Láti oṣù kẹrin ọdún 2023 ni wọ́n ti fi ìtàn aláìsàn gígùn kún ìdánwò náà. Ìtàn mẹ́ta ni ẹ ó rí tí wọ́n ń ka máàkì rẹ̀, ìbéèrè mẹ́fà ló sì tẹ̀ lé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà kan ni mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń tọ̀: Kí lẹ rí? Kí ló túmọ̀ sí? Èwo ló léwu jù? Kí la lè ṣe sí i? Èwo lẹ ó ṣe? Ṣé ó ṣiṣẹ́? Ohun tí àgbà nọ́ọ̀sì ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín.

Fún ìbéèrè “select all that apply”, ẹ ka ìlà kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé òun nìkan ló wà: bẹ́ẹ̀ ni, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Nísinsìnyí, èyí tí ẹ bá mú tó tọ̀nà ní máàkì tirẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ bá mú tí kò tọ̀nà ń yọ nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má fi ọwọ́ gbá gbogbo rẹ̀.

ÌMÚRA, ÀTI IPA TI ILÉ

Ìbéèrè 50 lójúmọ́ tí ẹ ka àlàyé rẹ̀ yanjú sàn ju 200 tí ẹ sáré kọjá lọ. Ẹ ní ìwé kékeré kan. Fún gbogbo èyí tí ẹ bá ṣì, ẹ kọ ìdí rẹ̀: ṣé n kò mọ̀ ọ́n ni, àbí n kò kà á yé, àbí mo mú èyí tó tọ̀nà tán mo tún yí i padà? Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ìwé yẹn á sọ ohun tó ń ṣe yín.

Ẹ yẹ orúkọ yín wò dáadáa. Orúkọ tí ẹ fi forúkọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti páásípọ́ọ̀tù tàbí káàdì yín mu pátápátá. Ẹni tí páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ ṣì ní orúkọ bàbá, tó wá fi orúkọ ọkọ forúkọ sílẹ̀, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti lè dá a padà. Ẹ dé ibẹ̀ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú. Ẹ má ti ibi iṣẹ́ òru bọ́ sí ìdánwò.

Ẹ̀yin ọkọ wa, ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀yin àna, ẹni kan kì í nìkan ṣe ìdánwò yìí. Wákàtí méjì lójúmọ́ tí kò sí ẹni tí yóò pe Mọ́mì sí kíṣíìnì, ẹ̀bùn ńlá ni. Dádì, ẹ ro àmàlà fúnra yín, ọwọ́ kì í kán. Òde ọjọ́ Sátidé lè dúró fún oṣù méjì. Ẹgbẹ́ ò ní bínú. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ Mọ́mì, kí ẹ máa bi í ní ìbéèrè nínú ọkọ̀. Nígbà tó bá sì ṣe é tán, ẹ má dúró lẹ́nu ọ̀nà pé, “Ṣé ẹ yege?” Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ó lè sanwó díẹ̀ kó rí èsì àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọjọ́ iṣẹ́ méjì. Ẹ fún un ní oúnjẹ gbígbóná, ẹ jẹ́ kó sùn.

BÍ KÒ BÁ BỌ́ SÍ I

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Wọ́n máa ń fún ẹni tí kò yege ní ìwé tó fi ibi tó ti lágbára àti ibi tó ti rẹlẹ̀ hàn án. Ẹ fi ìwé yẹn ṣe olùkọ́. Ó kéré tán, ọjọ́ 45 gbọ́dọ̀ kọjá kí ẹ tó tún un ṣe. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni nínú wa fi ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn.

Ṣùgbọ́n ẹ sá fún ọ̀nà ẹ̀bùrú. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ kéde pé wọ́n ti fẹ̀sùn kan ènìyàn 25 lórí ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì ayédèrú tó ju 7,600 lọ, tí wọ́n tà láti àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan ní Florida. Ọ̀pọ̀ tó ra irú ìwé bẹ́ẹ̀ tilẹ̀ yege ìdánwò, síbẹ̀ ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba láìsẹ́ǹsì lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá sọ pé òun ní ìbéèrè ìdánwò tí òun fẹ́ tà fún yín, ẹ sọ fún un pé ó ṣeun, kó máa lọ. Aláìsàn tí yóò sùn síwájú nọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ lọ́la lè jẹ́ ìyá yín.

Ẹ̀yin tí ẹ ti yege nínú wa, ẹ má gbàgbé àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ fún ẹnì kan ní wákàtí kan lọ́sẹ̀, kí ẹ jọ ka ìbéèrè mẹ́wàá. Ọlọ́run yóò fún gbogbo àwọn tó ń múra lọ́wọ́ ní òye àti ìfọ̀kànbalẹ̀. A ó jọ jẹ ìrẹsì ìdúpẹ́ wọn. Àṣẹ o.